Ajílẹ̀ wo ló yẹ ewéko inú àkúéríọ́mù yín? Ìtọ́sọ́nà fún ará Abẹ́òkúta

Ẹ wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, ẹ ní ewéko yín ń pọ́n, kíá ni wọ́n á ti na ìgò kan sí yín: "Èyí ló máa jẹ́ kó yọ." Ẹ má tíì san owó. Ìgò yẹn lè dára gan-an, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ jù nínú omi yín tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yan ajílẹ̀ fún ewéko inú omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ti wà nílẹ̀, kó tó lọ ra èyí tó kù. Ní Abẹ́òkúta níbí, omi kànga Àṣẹ̀rò kì í ṣe omi ẹ̀rọ Òkè-Ìlèwó, omi òjò kò sì jọ ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tó ṣiṣẹ́ nílé ọ̀rẹ́ yín lè má ṣiṣẹ́ nílé tiyín.

Oúnjẹ tí ewéko ń jẹ kò ju bíi mélòó kan lọ. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtáṣíọ́mù ló ń jẹ jù. Kálísíọ́mù, magnésíọ́mù àti súfúrù tẹ̀ lé e. Irin, máńgáníìsì, síǹkì, bàbà àti bórọ́ọ̀nù wà lára àwọn tó jẹ́ pé ìwọ̀nba bíńtín ló ń fẹ́ nínú wọn. Èyí tó bá kéré jù nínú gbogbo wọn ló ń dá ìdàgbà dúró. Bí irin bá ti tán, ẹ ì báà da náítírójìn rẹpẹtẹ sínú omi, ewéko kò ní lè lò ó, algae ló máa jẹ ẹ́ yó. Algae ni ohun tútù tó ń yọ̀ yẹn, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara kànga àti táǹkì omi tí oòrùn ń pa.

Ohun kan tún wà tí àwọn oníṣòwò kì í sábà sọ: oúnjẹ ẹja fúnra rẹ̀ ajílẹ̀ ni. Ẹja jẹ ẹ́, ó yàgbẹ́, bakitéríà inú fílítà sì sọ ìgbẹ́ yẹn di náíréètì, ìyẹn irú náítírójìn tí ewéko lè jẹ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ohun tí oúnjẹ ẹja kì í mú wá tó ni pọtáṣíọ́mù àti irin. Ìdí nìyẹn tí àpótí tí ẹja pọ̀ sí, tí ewéko inú rẹ̀ kò pọ̀, fi sábà máa ń nílò àwọn méjì yẹn nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ wọn omi

Ẹ fi tépù wọn gígùn, ìbú àti gíga omi ní sẹ̀ǹtímítà. Gíga omi ni mo wí o, kì í ṣe gíga gíláàsì. Ẹ fi èkíní lọ́po èkejì, ẹ fi ẹ̀kẹta lọ́po ohun tó bá jáde, ẹ wá pín in sí 1,000. Àpótí tó jẹ́ 60 ní gígùn, 30 ní ìbú, tí omi rẹ̀ ga ní 35, lítà 63 ló máa gbà. Ẹ yọ àyè tí iyanrìn, òkúta àti igi gbà kúrò, ó di bíi lítà 50. Bí onígíláàsì bá fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n ọ́n fún yín, ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga ń gba bíi lítà 28. Gbogbo ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí, lítà 50 ni mo fi ṣe é. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 100, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Irú omi wo lẹ ń lò?

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá.

Omi ẹ̀rọ tí ìjọba ń fà láti Arákàngá, odò Ògùn ló ti wá, wọ́n sì ń fi kiloríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ pọn ọ́n sínú garawa tí ẹnu rẹ̀ là, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, ẹ má jẹ́ kó dín ní wákàtí 24, kẹ́ ẹ tó dà á sínú àpótí. Kiloríìnì kò dára fún ẹja, ó sì ń pa bakitéríà inú fílítà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Omi kànga ló gba àkíyèsí jù. Kànga tí kò jìn, tí ṣáláńgá tàbí sókàwéè wà nítòsí rẹ̀, lè ní náíréètì tó pọ̀ nínú kí ẹja kankan tó débẹ̀. Ẹ ra ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń tì bọ omi, irú èyí tó ń pààrọ̀ àwọ̀, ẹ fi yẹ omi kànga náà wò gan-an, kì í ṣe omi inú àpótí nìkan. Bó bá fi 20 mílígíráàmù náíréètì hàn nínú lítà kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò nílò ajílẹ̀ náítírójìn kankan. Bó bá kọjá 50, ẹ tún kíyè sí i pé irú omi bẹ́ẹ̀ kò dára fún ọmọ jòjòló láti mu. Ìyẹn ọ̀rọ̀ míì, ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ lé e lórí.

Bí omi bohóòlù yín bá ń fi àbàwọ́n pupa sára garawa àti ara ìwẹ̀, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ríra irin o. Irin tó ti dípẹtà kì í yọ́ nínú omi mọ́, ó ń rọlẹ̀ ni, ewéko tó ń fi ewé jẹun kò sì lè mú un.

Omi òjò fúyẹ́, kò sí kálísíọ́mù tàbí magnésíọ́mù tó tó nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò ṣan páànù dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé agbada síbẹ̀. Bí ìwé àyẹ̀wò bá fi hàn pé GH, ìyẹn ìwọ̀n kálísíọ́mù àti magnésíọ́mù, kò tó 3, ẹ ní láti fi kún un. Èyí tó rọrùn jù ni òkúta. Òkúta tó pọ̀ nílùú wa, irú ti Olúmọ, gírànáìtì ni. Kì í yọ́, kò sì fi nǹkan kan kún omi. Òkúta apá Ewékorò, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ní tiẹ̀, ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi kálísíọ́mù sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára, kẹ́ ẹ sì sún mọ́ ọn. Bó bá ń hó, tí èéfó kéékèèké ń yọ ṣìnìṣìnì níbi tí omi ọsàn ti kàn án, ti Ewékorò nìyẹn. Ẹyọ kan tó kún àtẹ́lẹwọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìkarahun ìgbín tí ẹ fọ̀ dáadáa ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní ti magnésíọ́mù, Epsom salt tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì náà ni. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé kò ní lọ́fíńdà tàbí àwọ̀.

Iná àti irú ewéko

Iná ló ń dá ebi sí ewéko lára. Bí iná bá lágbára, oúnjẹ tí wọ́n máa fẹ́ á pọ̀, wọ́n á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ CO2 pẹ̀lú. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ CO2, kó fi iná LED tó mọ níwọ̀n sí i, wákàtí mẹ́fà sí méje lójúmọ́. Pẹ̀lú bí iná ìjọba ṣe ń ṣe ségesège, mo fara mọ́ kẹ́ ẹ so iná àpótí mọ́ bátìrì tàbí sólà kékeré pẹ̀lú táímà. Wákàtí mẹ́fà tó dúró déédéé sàn ju wákàtí méjìlá lónìí àti òkùnkùn lọ́la lọ. Ẹ má sì gbé àpótí sí ojú fèrèsé.

Nípa ewéko, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń fi gbòǹgbò jẹun jù: òṣíbàtà, Cryptocoryne, Amazon sword, Vallisneria. Àwọn yòókù ń fi ewé àti ara mu ún látinú omi: ojúoró, hornwort, àti gbogbo ewéko tó ní ọ̀pá gígùn tí a ń gé lórí tí a sì ń tún gbìn. Anubias wà láàárín, ó sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, nítorí inú odò igbó Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni Anubias barteri ti ń hù. Kì í kánjú dàgbà, oúnjẹ díẹ̀ sì ti tó o. Òkúta tàbí igi ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Bẹ́ ẹ bá bo ìdí rẹ̀ mọ́ iyanrìn, ó máa jẹrà.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí yín

Ìlú tó kún fún àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nìlú wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tàbí NPK díẹ̀ sí omi. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n omi adágún ló yẹ. Wọ́n fẹ́ kí omi tutù bí ewé, kí kòkòrò tín-ń-tín pọ̀ níbẹ̀ fún ọmọ ẹja láti jẹ. Omi tútù yẹn gan-an ni àwa ń sá fún.

Yúríà tó jẹ́ 46-0-0 (nọ́ńbà mẹ́ta yìí ń sọ ìdá náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtáṣíọ́mù nínú 100) ń di amóníà nínú omi, amóníà sì ń pa ẹja, pàápàá nínú omi tó gbóná bíi tiwa. NPK 15-15-15 náà ní amóníà nínú, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ sì pọ̀ jù fún ohun tí ewéko omi ń fẹ́. Ajílẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n sára ewé lóko, ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá rí "ammoniacal", "urea" tàbí oògùn kòkòrò níbẹ̀, ẹ dá a padà. Oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe fún àrùn kòkó tàbí tòmátì kò ní fi edé àti ìgbín inú àpótí sílẹ̀ láàyè.

Ìgò tó ti ṣe tán, tàbí iyọ̀ tí ẹ máa pò fúnra yín?

Bí àpótí yín kò bá ju lítà 20 sí 30 lọ, ẹ ra ìgò tó ti ṣe tán, kẹ́ ẹ sinmi. Kó sáà jẹ́ pé ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀: òmíràn ní gbogbo nǹkan, òmíràn kò ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rárá. Irú kejì yìí ló yẹ ẹni tí ẹja rẹ̀ pọ̀, tàbí tí kànga rẹ̀ ti ní náíréètì.

Bó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ gbígbẹ ló dín owó kù. Àwọn tó ń ta ohun èlò àgbẹ̀ ní ọjà Kútọ̀ àti Láfẹ́ńwá lẹ máa wá lọ, torí àwọn tó ń gbin tòmátì àti kùkúḿbà sínú ilé ọ̀rá ń lo iyọ̀ kan náà. Ẹ má fi orúkọ béèrè, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi béèrè.

"Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní 13-0-46?"

"Èyí tí wọ́n ń fi sí tòmátì inú ilé ọ̀rá yẹn, ọmọ mi?"

"Òun náà ni, mà. Kílò kan péré ni mo fẹ́."

13-0-46 ni potassium nitrate. 0-52-34 ni monopotassium phosphate. 0-0-50 ni potassium sulphate. Nọ́ńbà àárín àti ti ìkẹyìn kì í ṣe fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtáṣíọ́mù gan-an, P2O5 àti K2O, ìyẹn àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọ́síjìn lára, ni wọ́n ń kà síbẹ̀, nítorí náà ẹ má fi wọ́n ṣírò fún omi. Bí wọn ò bá ní kílò kan, ẹ wá ẹni méjì tó ní àpótí ẹja, kẹ́ ẹ jọ pín in. Iyọ̀ yẹn kì í bàjẹ́ bí omi kò bá kàn án.

Ẹ ó nílò ìwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn tó ń ta góòlù ń lò, sìríǹjì 10 mílílítà láti kẹ́míìsì, àti ìgò omi 50cl méjì tó ti ṣófo.

Bí a ṣe ń pò ó

Ìgò kìíní: potassium nitrate gíráàmù 20, monopotassium phosphate gíráàmù 2, potassium sulphate gíráàmù 10, Epsom salt gíráàmù 20. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò, ẹ bu omi mímọ́ tó lọ́ wọ́rọ́ sí i títí dé bíi ìdajì, ẹ mì ín títí tí yóò fi yọ́, kẹ́ ẹ tó wá bu omi kún un. Bẹ́ ẹ bá fa mílílítà 10 nínú rẹ̀ sí lítà 50, ó máa fi bíi mílígíráàmù 5 náíréètì, ìdajì mílígíráàmù fọ́síféètì, mílígíráàmù 5 pọtáṣíọ́mù, àti mílígíráàmù 0.8 magnésíọ́mù kún lítà kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kànga rẹ̀ ti ní náíréètì, kó yọ potassium nitrate kúrò pátápátá, kó sì sọ potassium sulphate di gíráàmù 25. Pọtáṣíọ́mù rẹ̀ kò ní yàtọ̀ púpọ̀.

Ìgò kejì: àpapọ̀ irin àti àwọn bíńtín yòókù, èyí tí wọ́n fi EDTA tàbí DTPA dì kó má baà dípẹtà. Bí omi yín bá ní òkúta Ewékorò nínú, tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan, kọjá 7, DTPA ni kẹ́ ẹ wá, nítorí EDTA kì í pẹ́ tú irin sílẹ̀ níbẹ̀. Bí irin inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 6 nínú 100, ẹ fi gíráàmù 5 sí ìgò 50cl. Mílílítà 10 á wá fún lítà 50 ní bíi mílígíráàmù 0.12 irin nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ máa gbé e sí, tàbí ibi tó ṣókùnkùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń ba ìdè yẹn jẹ́, olú sì máa ń hù nínú rẹ̀ nígbà ooru.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ da ìgò méjèèjì pọ̀. Irin àti fọ́síféètì tí kò tíì là lómi máa dì mọ́ra wọn, wọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò, iṣẹ́ wọn sì ti parí nìyẹn.

Mílílítà 10 ìgò kìíní ní ọjọ́ Ajé, mílílítà 10 ìgò kejì ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ fa omi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dànù, kẹ́ ẹ bu tuntun sí i. Ewéko ì báà má tilẹ̀ jẹ nǹkan kan, omi tí ẹ ń pààrọ̀ yìí kò ní jẹ́ kí ohun tí ẹ fi sí i kọjá bíi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ kan. Náíréètì látinú ìgò á wá dúró sí bíi 16, kò sì ní ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn pípààrọ̀ omi ju ríra onírúurú ohun èlò àyẹ̀wò lọ.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ CO2 àti iná tó mú, kó fi mílílítà 10 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan sí i lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó sì máa pààrọ̀ ìdajì omi. Ọ̀nà tí Tom Barr ará Amẹ́ríkà sọ di mímọ̀ nìyẹn: ẹ jẹ́ kí oúnjẹ pọ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ fi omi tuntun nu àṣẹ́kù rẹ̀ dànù. Ẹ má gbé e lọ sí àpótí tí kò ní CO2.

Ti àwọn tó ń fi gbòǹgbò jẹun

Ẹ wá amọ̀ pupa tó mọ́, ẹ pò ó, ẹ ṣù ú tó bí èkùrọ́, ẹ ki hóró méjì ajílẹ̀ tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ. Ẹ tì í bọ inú iyanrìn ní ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí márùn-ún. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa lò. Amọ̀ pupa fúnra rẹ̀ ní irin, gbòǹgbò sì mọ bó ṣe ń yọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tu ewéko náà, ẹ rọra, kí hóró ajílẹ̀ má baà jáde sínú omi. Amóníà wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ewé sọ fún yín

Ibi tí àárẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn ló ṣe pàtàkì. Náítírójìn, pọtáṣíọ́mù àti magnésíọ́mù, ewéko lè fà wọ́n látinú ewé àgbà fún ewé tuntun, nítorí náà ewé ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jìyà. Bí gbogbo ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n tó sì ń rẹ̀, náítírójìn ni. Bí ihò kéékèèké bá ń lu síbẹ̀, tí etí ihò náà pọ́n tàbí dúdú, pọtáṣíọ́mù ni. Bí iṣan ewé bá tutù tí àárín wọn sì pọ́n, magnésíọ́mù ni. Irin àti kálísíọ́mù kì í ṣí kúrò níbi tí wọ́n bá wà, orí ewéko ló ti ń hàn. Ewé tuntun tó funfun, tí iṣan rẹ̀ nìkan ló tutù, irin ló ń fẹ́. Èyí tó lọ́, tó kákò, kálísíọ́mù ni. Bí tóótòòtó tútù líle bá ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì àti ewé Anubias, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti kéré jù nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ pààrọ̀ ẹyọ ohun kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé tó ti bàjẹ́ kò ní padà sípò, èyí tó bá yọ lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ fi ojúoró díẹ̀ sórí omi náà. Nítorí pé òkè omi ló wà, afẹ́fẹ́ lókè ló ti ń gba CO2, iná sì ń bà á tààrà. Bí òun bá ń pọ́n, a ò lè dá iná tàbí CO2 lẹ́bi mọ́, oúnjẹ inú omi ló kéré. Bí ojúoró bá tutù yọ̀yọ̀ tó ń bí ọmọ, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ń rù, oúnjẹ wà, iná tàbí CO2 lẹ máa lọ tún ṣe. Tàbí kẹ̀, òun gan-an ló bo iná mọ́ wọn lójú. Ẹ dín in kù sí ìdá mẹ́ta ojú omi.

Bó bá jẹ́ pé odò lẹ ti fẹ́ mú un, ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àrùn náà sì ti yọ àwọn tó ń gbé ní agbègbè dáàmù Ọ̀yán lẹ́nu dáadáa. Ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ fi sínú garawa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa ṣa ìgbín kúrò. Èyí tó bá pọ̀ jù lẹ́yìn náà, inú ebè ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ rì í mọ́. Ẹ má dà á sí gọ́tà, gọ́tà tó ń lọ sódò Ògùn ni.

Ẹ kọ orúkọ sára ìgò àti ọ̀rá iyọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé wọn kúrò ní ilé ìdáná. Potassium nitrate funfun báláú, ẹni tó ń kánjú se ọbẹ̀ kò ní mọ̀ pé kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀.